Fúlùsítọ́ọ̀pù ní òpin gbogbo ìlà, lẹ́tà ńlá láàárín ọ̀rọ̀: kí la ti ṣe é sí?

Tíṣà Ìyàrà

Okun o, ẹ̀yin àgbà tíṣà àti ẹ̀yin òbí.

Pírámárì 2 ni kíláàsì náà, ọmọ 48. Ìgbà mẹ́rin la ń ṣe Gẹ̀ẹ́sì lọ́sẹ̀, ìṣẹ́jú 35 ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Pátákó kan ló wà, ṣọ́ọ̀kì funfun àti aláwọ̀ díẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.

Àwọn ọmọ mọ ọ̀rọ̀ kọ, wọ́n sì lè ka ohun tí wọ́n kọ. Àmì àti lẹ́tà ńlá ló ń dà wọ́n láàmú. Ohun tó ń hàn nínú ìwé wọn nìyí:

Fúlùsítọ́ọ̀pù máa ń wà ní òpin ìlà kọ̀ọ̀kan, ì báà jẹ́ pé gbólóhùn ti parí tàbí kò tíì parí. Lẹ́tà ńlá ń yọjú láàárín ọ̀rọ̀: "taBle", "kaBBa", "reD". Wọ́n ń kọ "i" kékeré nígbà tí wọ́n bá ń sọ nípa ara wọn. Àmì ìbéèrè kò sí rárá, àfi tí wọ́n bá ń da ohun tó wà lójú pátákó kọ.

Èwo ni kí a kọ́kọ́ mú, ọ̀sẹ̀ mélòó ni kí a sì lò lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún bá mi dá sí ti kọ́mà. Ṣé òótọ́ ni pé ibi tí èèyàn bá ti mí ló ń wà?

Ọmọ Owé, Kàbbà

Okun o, tíṣà. Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ 48.

Ẹ jẹ́ ká fi àwọn ọmọ sílẹ̀ ná, ká yẹ pátákó wò. Láti Nọ́sìrì títí dé Pírámárì 1, gbólóhùn kúkúrú ni wọ́n ń dà kọ, ọ̀kan ní ìlà kan: "This is a cup." Wọ́n bọ́ sí ìlà kejì: "This is a bag." Gbogbo ọdún yẹn ni ojú wọn fi rí i pé ibi tí ìlà parí sí ni àmì wà. Kò sí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, àmọ́ òfin tí wọ́n fi ojú ara wọn rí fà yọ nìyẹn, ohun tí wọ́n sì rí ni wọ́n ń kọ.

Nítorí náà, láti ọ̀la lọ, ẹ má ṣe kọ gbólóhùn kan sí ìlà kan mọ́. Ẹ kọ mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn, kí ẹ sì mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ìlà gé wọn sí àárín, báyìí:

Bola has a goat. It eats yam
peels. The goat is fat.

Ẹ ka ìlà àkọ́kọ́ nìkan sókè, kí ẹ dúró sí "yam", kí ẹ wá bi wọ́n pé: "Ṣé ọ̀rọ̀ ti tán?" Wọn á ní kò tíì tán. Ẹ ní kí ọmọ kan wá fi ṣọ́ọ̀kì pupa yí àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ká, kí òmíràn fi ṣọ́ọ̀kì mìíràn yí lẹ́tà tó tẹ̀lé àmì kọ̀ọ̀kan ká. Lọ́jọ́ kejì, ẹ kọ ọ̀rọ̀ yẹn kan náà, ṣùgbọ́n kí ẹ fẹ̀ ẹ́ sí i kí ìlà lè gé e níbòmíràn. Àmì kò kúrò níbi tó wà, ìlà ló yí padà. Ohun tí wọ́n nílò láti fi ojú rí nìyẹn, ó sì tó ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún kí ó tó wọlé.

Bí ọmọ yóò ṣe mọ̀ pé gbólóhùn ti parí ló kù. Ìbéèrè méjì ni: Ta ni, tàbí kí ni? Kí ló ṣe, tàbí báwo ló ṣe wà? "The goat" dáhùn ọ̀kan, ó ku ọ̀kan, kò tíì tó ibi tí à ń fi àmì sí. "The goat ran" dáhùn méjèèjì. Ẹ ṣọ́ra síbì kan o. Ní èdè wa, "Ewúrẹ́ náà sanra" ti pé láìfi nǹkan kan kún un, torí pé "sanra" fúnra rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣe. Ìdí nìyẹn tí ọmọ fi ń kọ "The goat fat." tó sì fi àmì sí i pẹ̀lú ìdánilójú. Àmì rẹ̀ tọ̀nà, "is" ló sọnù. Ẹ má bá a wí lórí àmì.

Ti lẹ́tà ńlá láàárín ọ̀rọ̀, ẹ wo lẹ́tà wo ni. Nínú àpẹẹrẹ mẹ́ta tí ẹ kọ, B àti D ni gbogbo rẹ̀. Kì í ṣe pé ọmọ náà kò mọ ibi tí lẹ́tà ńlá ń gbé. Ìbẹ̀rù ni. Kò dá a lójú ìhà tí ikùn b àti ikùn d kọ sí, ó wá sá lọ bá B àti D, tí wọn kò jọra. Bí ẹ bá ní kó máa ṣe àtúnkọ "table" nígbà 20, kò ní ràn án lọ́wọ́. Bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà ni kí ẹ kọ́ ọ: b, igi ni a kọ́kọ́ fà láti òkè wá sílẹ̀, ikùn tẹ̀ lé e, d, c ni a kọ́kọ́ kọ, a wá gun igi lọ sókè, a padà wálẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún láàárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ sì má kọ́ méjèèjì ní ọjọ́ kan náà.

Irú kejì ni àwọn lẹ́tà tí ńlá àti kékeré wọn jọra: c, o, s, v, w, x, z. Níbí, ìwọ̀n nìkan ni ìyàtọ̀, ọmọ tí kò ní ìlà tó fi ń wọn lẹ́tà kò sì lè rí i. Nínú méje yìí, c, v, x àti z kò sí nínú ábídí Yorùbá, nítorí náà inú iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ọwọ́ ọmọ ti ń bá wọn pàdé. Ẹ lo ìwé onílà méjì-méjì, tàbí kí ẹ fi rúlà fa ìlà bẹ́ẹ̀ sójú pátákó: lẹ́tà ńlá kan ìlà òkè, c kékeré kò kọjá ìlà àárín. K àti P náà wà níbẹ̀, àmọ́ p kékeré ń sọ ẹsẹ̀ rẹ̀ sísàlẹ̀ ìlà, P ńlá ń jókòó lórí rẹ̀.

Ètò: ọ̀sẹ̀ 1 àti 2, lẹ́tà ńlá ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn àti fúlùsítọ́ọ̀pù, papọ̀. Ẹ má yà wọ́n. Bí ọmọ bá mọ ibi tí gbólóhùn parí sí, ó ti mọ ibi tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 3, "I", kò ju ọjọ́ méjì lọ. Láti ibẹ̀ títí dé òpin ọ̀sẹ̀ 5, orúkọ. Ọ̀sẹ̀ 6 àti 7, àmì ìbéèrè. Ọ̀sẹ̀ 8 àti 9, kọ́mà nínú àkójọ nǹkan. Ẹ fi àmì tó wà ṣáájú s nínú "Ade's book" sílẹ̀ di Pírámárì 3. Bí ẹ bá mú un wọlé báyìí, gbogbo s ni yóò gba àmì yẹn: "two goat's", "he run's".

Yàgbà Lókè

Ọmọ Owé ti sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ fi ti orúkọ kún un, torí ibẹ̀ ni àwa tíṣà ti ń ba nǹkan jẹ́ jù.

Ẹ má sọ fún ọmọ láéláé pé "ohun tó ṣe pàtàkì ni a ń fi lẹ́tà ńlá kọ." Ní ojú ọmọ ọdún méje, ìyá rẹ̀ ṣe pàtàkì, ìrẹsì ọjọ́ Kérésì ṣe pàtàkì, bọ́ọ̀lù ṣe pàtàkì. Ó máa kọ "My Mother cooked Rice" ni, òfin tí ẹ fún un ló sì tẹ̀ lé.

Èyí tó wúlò: ṣé irú nǹkan ni, àbí orúkọ tí a sọ ọ̀kan pàtó nínú wọn? Ìlú pọ̀, Kabba jẹ́ ọ̀kan. Odò pọ̀, River Niger jẹ́ ọ̀kan. Ọba pọ̀, the Obaro of Kabba jẹ́ ọ̀kan. Ẹ kọ wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn:

town – Kabba
state – Kogi State
river – River Niger
king – the Obaro of Kabba
teacher – Mr Ade
day – Friday
month – August

Ẹ kíyè sí i pé bí "river" àti "state" bá ti di ara orúkọ, àwọn náà gba lẹ́tà ńlá. Ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń kọ "river Niger". Ẹ kọ orúkọ ìlú tiwọn gan-an: Iyara, Mopa, Isanlu, Egbe, Lokoja. London lè dúró ná.

Àwọn tó ń takókó nìwọ̀nyí. "My mother is at home" gba m kékeré, ṣùgbọ́n "Good morning, Mother" gba M ńlá, torí pé níbẹ̀ ó dúró bí orúkọ tí a fi ń pè é. Bí "my", "your" tàbí "the" bá wà níwájú rẹ̀, kékeré ni. Monday gba ńlá, "morning" kò gbà á. August gbà á, "harmattan" àti "rainy season" kò gbà á. English àti Yoruba gbà á nígbà gbogbo, ṣùgbọ́n "mathematics" láàárín gbólóhùn kò gbà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́tà ńlá ni wọ́n fi kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé wọn. Kérésì, Ọdún Àjíǹde àti Ramadan, ńlá ni gbogbo wọn.

Iṣẹ́ ọwọ́ tí kò náni lówó: ẹ gé páálí sí káàdì 24, 12 orúkọ pàtó, 12 irú nǹkan. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ ní lẹ́tà kékeré. Apẹ̀rẹ̀ méjì níwájú kíláàsì. Ọmọ á mú káàdì, á kà á, á sọ ọ́ sí apẹ̀rẹ̀ tó yẹ, bó bá jẹ́ orúkọ, á tún un kọ sójú pátákó. Kí káàdì bí i 6 jẹ́ èyí tó máa fa àríyànjiyàn: "mother", "yoruba", "river", "sunday", "market", "christmas". Àríyànjiyàn yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ náà.

Kí n má gbàgbé: àwọn tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Gb. Wọ́n ń kọ "GBenga" torí pé lẹ́tà kan ni gb nínú ábídí Yorùbá. G nìkan ló ń di ńlá, ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì.

Bàbá Ìbejì

Ẹ kú ìkíni gbogbo. Èmi kì í ṣe tíṣà. Ohun tí wọ́n fi kọ́ wa nígbà náà ni pé ibi tí o bá ti mí díẹ̀, kọ́mà. Ibi tí o bá ti mí dáadáa, fúlùsítọ́ọ̀pù. Ó ṣiṣẹ́ fún wa. Kí ló wá burú níbẹ̀?

Ọmọ Owé, Kàbbà

Bàbá, ẹ ṣeun. Ó ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tó ti mọ ìwé kà já gaara, torí pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń mí níbi tí ìtumọ̀ ti já. Ọmọ Pírámárì 2 ń mí níbi tí èémí ti tán. Ẹ fún un ní "The big black goat behind our house ate the yam." Á mí lẹ́yìn "house", á sì fi kọ́mà ya ewúrẹ́ kúrò lára ohun tó ṣe. Èyí tó ṣì ń kà ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń mí lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń kọ́ àṣà fífi kọ́mà so gbólóhùn méjì pọ̀, "I went to the farm, I saw a snake," èyí tó máa ń bá wọn dé sẹ́kọ́ńdìrì.

Ní Pírámárì 2, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni kí kọ́mà ṣe: ó ń gba ipò "and". Ẹ kọ ọ́ gùn báyìí:

I bought yam and oil and salt and pepper.

Ẹ gé páálí kéékèèké mẹ́ta, ẹ ya kọ́mà sí méjì, kí ẹ fi àtè lẹ̀ wọ́n bo "and" àkọ́kọ́ àti èkejì. Èyí tó gbẹ̀yìn kò ṣeé bò. Páálí kẹta, ẹ má ya nǹkan kan sí i, ẹ gbé e fún ọmọ kan pé kó bo "and" tó kù, kí ẹ wò ó bóyá kíláàsì yóò pariwo. Àwọn ìwé kan ń fi kọ́mà ṣáájú "and" tó gbẹ̀yìn, àwọn mìíràn kì í fi sí i. Ẹ tẹ̀ lé ìwé tí kíláàsì yín ń lò, ẹ má kọ́ wọn ní méjèèjì. Kí kọ́mà jókòó sórí ìlà kí ìrù rẹ̀ sì sọ̀ kalẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ń gbé e sókè bí àmì ohùn.

Ìyá Mọ̀pà

Ẹ kú ìjíròrò. Nǹkan méjì tí ẹ kò tíì fọwọ́ bà.

Àkọ́kọ́, ìbéèrè. Wọ́n máa ń sọ fún ọmọ pé kí ó gbọ́ bóyá ohùn gòkè ní ìparí. Ní èdè wa, ìró ohùn ni a fi ń mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, "ṣé", "ǹjẹ́", "ta ni", "níbo" tàbí "ńkọ́" ló ń sọ pé ìbéèrè ni. Etí ọmọ kò sí níbi ohùn gíga. Gẹ̀ẹ́sì gan-an kò sì dúró lórí òfin yẹn: "Where is the goat?" sábà máa ń sọ̀ kalẹ̀ ní ìparí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wo iwájú gbólóhùn. Ọ̀wọ́ kìíní: who, what, where, when, why, which, how. Ọ̀wọ́ kejì: is, are, do, does, did, can, has, have, will. Ọ̀wọ́ kejì ni ó bá "ṣé" mu, ẹ kọ́ ọ bẹ́ẹ̀: "Ṣé Bọ́lá ní ewúrẹ́?" – "Does Bola have a goat?"

Iwájú nìkan kò tó, torí "When I got home, I ate." bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "when" kò sì bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ẹ fi ìdánwò kejì tì í lẹ́yìn: ṣé ẹni tó sọ ọ́ ń retí èsì? Kí ọmọ kan ka gbólóhùn, kí ẹnìkejì dáhùn. Bí kò bá rí ìdáhùn fún un, fúlùsítọ́ọ̀pù ni. Ẹ fi "I know where the goat is." dán wọn wò ní òpin ọ̀sẹ̀ keje, ẹ má tètè mú un jáde.

Èkejì, ibi tí àmì ń jókòó sí. Àwọn ọmọ yìí ń kọ ẹ, ọ àti ṣ ní iṣẹ́ Yorùbá. Bí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá parí pẹ̀lú e, o tàbí s, ọwọ́ wọn ń fi àmì sí abẹ́ lẹ́tà náà: "I am herẹ", "Let us gọ". Tíṣà á rò pé ọmọ gbàgbé fúlùsítọ́ọ̀pù. Kò gbàgbé, abẹ́ ló fi í sí. Ẹ sọ fún wọn pé ní Gẹ̀ẹ́sì, àmì ń jókòó sórí ìlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà, kì í sá sábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn àmì, àyè ìka kan kí gbólóhùn tuntun tó bẹ̀rẹ̀. Láìsí àyè ìka yẹn, àwọn fúnra wọn kì í rí àmì tí wọ́n kọ nígbà tí wọ́n bá ń kà á padà.

Tíṣà Ìyàrà

Ẹ ṣé púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀rọ̀ B àti D yẹn bá ìwé àwọn ọmọ náà mu pátápátá, mo ti tún wò ó.

Ìbéèrè kan ló kù. Àpèkọ àti ìwé 48 láti yẹ̀ wò. Báwo ni ẹ ṣe ń ṣe é?

Ọmọ Owé, Kàbbà

Àpèkọ: gbólóhùn mẹ́ta, ọ̀rọ̀ 5 sí 7 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti mọ sípẹ́lì rẹ̀, kí ìnira má pé méjì. Ẹ ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n gbé pẹ́ńsùlù sílẹ̀. Ẹ tún kà á ní ẹyọ-ẹyọ, kí wọ́n kọ ọ́. Ẹ kà á ní ìgbà kẹta kí wọ́n fi ṣe àyẹ̀wò. Kí ẹ má sì fi ẹnu pe "full stop" tàbí "capital letter" sí wọn létí. Tíṣà tó bá ń pè é jáde ló ń fi àmì sí i, ọmọ ń gbọ́ràn lásán ni, lọ́jọ́ tí a bá ní kó dá nǹkan kọ, kò ní sí ẹni tí yóò pè é fún un. Máàkì 6: ẹyọ kan fún ìbẹ̀rẹ̀, ẹyọ kan fún òpin, lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má yọ máàkì nítorí sípẹ́lì.

Ìwé: 12 lójúmọ́, ìgbà mẹ́rin lọ́sẹ̀, ó pé 48. Ohun tí ẹ kọ́ lọ́sẹ̀ náà nìkan ni kí ẹ máàkì. Ẹ má fi bírò pupa tún un ṣe fún wọn. Ẹ kọ nọ́ńbà sí etí ìwé, ní ìwájú ìlà tí àṣìṣe wà: 2 túmọ̀ sí pé nǹkan méjì sọnù ní ìlà yìí. Ọmọ á wá a fúnra rẹ̀, á fi pẹ́ńsùlù tún un ṣe. Àwọn 36 tó kù lọ́jọ́ náà á pààrọ̀ ìwé, wọ́n á máa ka àmì fún ara wọn.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, ẹ kọ èyí sójú pátákó bó ṣe wà:

on friday bola and i went to kabba we bought yam oil and salt did you see the goat

Lẹ́tà ńlá 7 ló ń wá, àmì 4, bí ìwé yín kò bá ń fi kọ́mà ṣáájú "and" tó gbẹ̀yìn. Ẹ sọ iye náà fún wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó bá mọ̀ pé 11 ni kì í jókòó sórí 6.

Yàgbà Lókè

Ọmọ Owé, ọmọ tó bá fi kọ́mà sẹ́yìn "On Friday" ńkọ́? Ó máa bá 12 jáde.

Ọmọ Owé, Kàbbà

Kò ṣẹ̀, àwọn tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì náà ń fi í síbẹ̀ nígbà mìíràn. Ẹ fún un ní 11 rẹ̀ pé, kí ẹ sì bi í pé ibo ló ti rí i. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ inú ìwé kíkà ni. Èyí tí kò gbọ́dọ̀ kọjá ni kọ́mà láàárín "Kabba" àti "We".